Kámẹ́rà Tó Ń Tẹrí Ba

Láti ìgbà tá a ti ṣe inter-house ni ìbéèrè kan ò ti jẹ́ n gbádùn. Bí mo bá ti wọ kíláàsì, wọ́n á ní, “Kí ni àpótí dúdú tó o gbé kọ́rùn lọ́jọ́sí?” Àwọn kan ní rédíò ni. Ẹnì kan ní SS1 sọ pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò lọ́sibítù ni. Kámẹ́rà ni o. Kámẹ́rà gidi ni, ó sì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí n ò lè máa dá èèyàn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sára ògiri kí gbogbo wa lè kà á.

Bàbá àgbà mi, ìyẹn bàbá tó bí màmá mi, ló ni kámẹ́rà náà. Iṣẹ́ fọ́tò ni wọ́n ṣe jẹun, òun ni wọ́n fi rán màmá mi níléèwé. Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Ó ti pẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù náà ti di ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù, ṣùgbọ́n Bàbá Fọ́tò ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè wọ́n títí dòní. Yashica Mat-124G lorúkọ kámẹ́rà wọn. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti ṣe é, láàárín ọdún 1970 sí 1986. Òun kọ́ ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀ tó gbayì. Àwọn ará Jámánì kan, Franke àti Heidecke, ló gbé Rolleiflex jáde ní ìlú Braunschweig lọ́dún 1929, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn sì ń wo tiwọn ṣe.

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé ojú méjì ló ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Èyí òkè ló ń bá wa wòran. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ibẹ̀ wọlé á lọ bá dígí kan tó dagun sínú àpótí náà, dígí yẹn á dá a padà sókè, àwòrán á wá yọ lórí gíláàsì kan lórí kámẹ́rà. Ibẹ̀ la ti ń wò ó. Èyí ìsàlẹ̀ ló ń ya fọ́tò gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ ni fíìmù wà. Ara pátákó kan náà ni ojú méjèèjì wà, tó fi jẹ́ pé bí a bá ń yí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ ń jáde, wọ́n jọ ń wọlé ni. Bí nǹkan bá ti mọ́ kedere lójú òkè, ó ti mọ́ kedere fún ojú ìsàlẹ̀ náà nìyẹn.

Bí Bàbá ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi dùn ju bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí lọ. Wọ́n ní, “Ìbejì ni wọ́n. Èyí òkè ni Táyéwò. Òun ni wọ́n rán pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ó ń rí gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú nǹkan kan dání. Èyí ìsàlẹ̀ ni Kẹ́hìndé. Ó dúró sẹ́yìn, ó di ojú. Ìgbà tí Táyéwò bá ní ayé dáa ni yóò tó lajú, ẹ̀ẹ̀kan péré, ohun tó bá sì rí, kò ní gbàgbé ẹ̀ mọ́. Ta wá ni ẹ̀gbọ́n nínú àwọn méjèèjì?” Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ń kọ́ wa nípa ìmọ́lẹ̀ àti dígí ní Physics, Táyéwò àti Kẹ́hìndé ni mo máa ń rí.

Ó níwà tirẹ̀ o. Àkọ́kọ́, apá ọ̀tún di apá òsì nínú rẹ̀. Dígí kan ṣoṣo ló ń gbé àwòrán sókè, kò sí òmíràn tó máa tún un yí padà. Bí ẹni tí mo fẹ́ yà bá ń rìn lọ sápá ọ̀tún, nínú gíláàsì, òsì ló ń lọ. Bí mo bá fẹ́ tẹ̀ lé e, ọkàn mi á ní kí n yí síbí, ọwọ́ mi gbọ́dọ̀ yí sọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ inter-house, nígbà tí wọ́n ń sá relay, àwọn èèyàn mi rò pé mò ń jó ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ara mi tó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ fọ́tò tó bá jáde, bó ṣe rí gan-an ló máa ń rí. Táyéwò nìkan ló ń rí i lódì.

Ìkejì, ojú méjèèjì kò sí lójú kan náà. Bí ohun tá a fẹ́ yà bá jìnnà, kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí a bá sún mọ́ èèyàn tó mítà kan, ohun tí ojú òkè ń rí ga díẹ̀ ju ohun tí ojú ìsàlẹ̀ ń rí lọ. Èèyàn lè rí gèlè ìyàwó pé pérépéré nínú gíláàsì, kí fíìmù gé orí gèlè náà kúrò. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ní tí mo bá ti rí i bó ṣe wù mí tán, kí n gbé kámẹ́rà sókè ní ìwọ̀n àárín ojú méjèèjì kí n tó tẹ̀ ẹ́. “Táyéwò ti wò tán, jẹ́ kí Kẹ́hìndé bọ́ síbi tó wà.”

Ìkẹta, ó kórìíra ọ̀rinrin. Bí a bá tọ́jú ẹ̀ síbi tí atẹ́gùn kò dé nígbà òjò, nǹkan kan bí òwú aláǹtakùn á hù sójú lẹ́ńsì, bó bá sì wọ inú gíláàsì, ó di wàhálà. Àwọn àpò kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́, ni Bàbá ń kó sí àpò kámẹ́rà. Bí ẹ bá ra bàtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú tiyín.

Ìkẹrin, ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ lára ẹ̀ ti kú. Bátìrì tó ń lò ní mẹ́kúrì nínú, wọn kì í ṣe irú ẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ ni Bàbá ń wò. Bí oòrùn bá mú gan-an tí òjìji dúdú kirikiri nílẹ̀, fi ihò lẹ́ńsì sí 16. Bí òjìji bá fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, fi sí 8. Bí kò bá sí òjìji rárá, fi sí 5.6. Ní ti bó ṣe máa yára ṣẹ́jú tó, nọ́ńbà tó sún mọ́ èyí tó wà lára páálí fíìmù ni. Bí fíìmù bá jẹ́ 100, 125 la ó fi sí. Kò sí bátìrì kankan ńbẹ̀. Kò tíì já mi kulẹ̀ rí.

Ní báyìí, ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ yìí gan-an rèé. Fóònù, ńṣe là ń nà án síwájú, à ń nà án sí ẹni ẹlẹ́ni lójú. Kámẹ́rà yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Iwájú ikùn là ń gbé e sí, okùn rẹ̀ á wà lọ́rùn wa, a ó ṣí ìdérí orí rẹ̀, a ó sì tẹrí ba wo inú ẹ̀. Ẹni tá à ń yà kò rí ojú wa, àtàrí wa ló ń rí. Ẹ gbà mí gbọ́, ó yàtọ̀. Nílẹ̀ wa níbí, ọmọdé kì í tẹjú mọ́ àgbà, kì í sì í na nǹkan sí i lójú. Màmá kan wà tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé wa. Bí wọ́n bá gbé fóònù sókè, ńṣe ló máa ń fi ìborùn bojú. Nígbà tí mo dúró níwájú ìsọ̀ wọn tí mo tẹrí ba sí kámẹ́rà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n kí èèyàn o.” Wọ́n rò pé mò ń kí wọn ni. N ò jiyàn. Mo yà wọ́n. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ó kàn dún “tíkì” jẹ́ẹ́jẹ́ ni, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ti yà wọ́n tán.

Ìyẹn nìkan kọ́. Fíìmù tó ń jẹ́ 120 ló ń lò, èyí tí Kodak ti gbé jáde láti ọdún 1901. Fọ́tò méjìlá péré ló wà nínú fíìmù kan, onígun mẹ́rin tó dọ́gba, sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà sí mẹ́fà. Ibẹ̀ lorúkọ 124 ti wá: méjìlá, tàbí mẹ́rìnlélógún bí a bá lo fíìmù tó gùn. A ó jókòó síbi ibòji, a ó fa fíìmù jáde, a ó to àmì ọfà orí bébà rẹ̀ mọ́ àmì tó wà lára kámẹ́rà, a ó padé, a ó wá máa yí apá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí tí kò fi ní yí mọ́. Ọ̀pá kékeré tí fíìmù bá tán lórí ẹ̀ kò ṣeé jù nù, òun ni fíìmù tó ń bọ̀ máa wé mọ́. Méjìlá ni, kò lé. Kò sí pé à ń pa èyí tí kò dáa rẹ́. N ò bú fóònù o, èmi náà ní fóònù, fọ́tò inú ẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Àmọ́ bó bá ti jẹ́ méjìlá ló kù lọ́wọ́ èèyàn, yóò kọ́kọ́ wo ẹni tó wà níwájú ẹ̀ dáadáa. Yóò wo ọwọ́ rẹ̀, bó ṣe jókòó, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń kàn án. Yóò dúró dè é títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀.

Ẹnì kan wà tó fi irú kámẹ́rà yìí ṣe ohun tó kan gbogbo ọmọ Yorùbá. Pierre Verger lorúkọ ẹ̀, ará Faransé ni, Paris ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1902. Rolleiflex ló ń gbé kọ́rùn kiri ayé. Lọ́dún 1946, ó dé Salvador ní Bahia, nílẹ̀ Brazil, níbi tí ọmọ àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ti ń bọ òrìṣà títí dòní. Ó tẹ̀ lé òrìṣà wọ̀nyẹn padà wá sí ilẹ̀ wa. Nígbà tó di 1953, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Salvador náà ló kú sí lọ́dún 1996, fíìmù tó yà tó lé ní 60,000 sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀. Bí ẹ bá rí fọ́tò rẹ̀, ẹ wo bí àwọn èèyàn inú ẹ̀ ṣe dúró. Ẹni tó ń kiri ọjà dúró bí olorì. Lójú tèmi, ara ìdí ẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ni kámẹ́rà wà, ó ń gbójú sókè wò wọ́n.

Àwọn ayàwòrán tiwa náà ṣe ohun tó jinlẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ ọ́ sínú ìwé African Arts lọ́dún 1978, ohun tó rí lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán Ìlá Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí ìkejì jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á tún yà á. Ère ìbejì ni àwọn baba wa ń gbẹ́. Fọ́tò wá ń ṣe iṣẹ́ tí ère ń ṣe.

N ò kà á nínú ìwé kí n tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n Bàbá àgbà mi obìnrin, Ìyá Kẹ́hìndé, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Táyéwò wọn kú kí wọ́n tó pé ọdún méje. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà, irú èyí tí mo sọ yìí: ọmọbìnrin méjì, búbà kan náà, ojú kan náà. Ó wà lára ògiri yàrá wọn láti kékeré màmá mi. Nígbà òjò tó kọjá, omi gba òrùlé wọlé, ikán tẹ̀ lé e, fọ́tò náà jẹ dànù. Ìyá ò sunkún. Wọ́n kàn ní, “Táyé mi ti lọ lẹ́ẹ̀kejì,” láti ọjọ́ náà, wọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ohun tó sì ká gbogbo ilé lára nìyẹn.

Bàbá ní àwọn á tún un yà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ní fóònù á ṣe é ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rọ á pín Ìyá sí méjì. Bàbá ní, “Ó máa ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa jókòó ti Ìyá nígbà tó bá ń ṣe é?” Ìyá fúnra wọn ò sì gbà kí wọ́n na fóònù sí àwọn. Ìṣòro wá ni pé ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Kódà bí wọ́n bá gbé awò tó wà nínú ìdérí kámẹ́rà sójú, wọn ò mọ ìgbà tí àwòrán bá mọ́. Wọ́n fi kámẹ́rà kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n ní, “Ojú tìẹ la máa lò.”

Fíìmù méjì ni ẹ̀gbọ́n màmá mi tó wà ní London fi ránṣẹ́. A ti lo ọ̀kan ní inter-house. Ọ̀kan tó kù, Ìyá ni mo gbé e fún. Ọjọ́ Sátidé ni, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, lábẹ́ ìgànnà ilé wọn. Ìyá wẹ̀, wọ́n wọ òfì, wọ́n lo iyùn. Bàbá dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n wá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n bá Ìyá ń sọ̀rọ̀ Táyéwò: bó ṣe máa ń kọ́kọ́ jí, bó ṣe fẹ́ràn ẹ̀wà tó. Èmi tẹrí ba. Mo ń yí bọ́tìnnì títí ìlà tó wà ní etí ojú Ìyá fi mọ́ kedere. Mo gbé kámẹ́rà sókè bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Àárọ̀ yẹn, wákàtí kan àbọ̀ la lò fún fọ́tò méjìlá. N ò tíì jókòó ti Ìyá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ilé ìwẹ̀ Bàbá la ti fọ fíìmù náà lálẹ́. Oògùn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ fẹ́ràn ìwọ̀n ogún lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi ilé wa sì gbóná jù ú lọ. Píọ̀-wọ́tà tó ti di yìnyín la kó sínú báàfù, a gbé ìgò oògùn sáàárín ẹ̀. A fọ̀ ọ́, a ṣan án, a fi píìnì aṣọ kọ́ ọ kó gbẹ. Lọ́jọ́ kejì, lábẹ́ gílóòbù pupa, a tẹ́ fíìmù sórí bébà, a fi páálí bo ìdajì kan, a tan iná funfun, a pa á. A gbé fíìmù sí ìdajì kejì, a bo èyí àkọ́kọ́, a tún tan iná. Nígbà tí bébà náà wọ inú oògùn, Ìyá yọ lẹ́ẹ̀mejì díẹ̀díẹ̀, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Fọ́tò náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìyá gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá ní, “Ẹ wò ó o. Táyé mi ti dàgbà. Ó ti hewú.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí wọ́n se ẹ̀wà lọ́jọ́ náà, wọ́n bu tiẹ̀ sí abọ́ kékeré kan síwájú fọ́tò. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹnu wọn ti là.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, n ò ní kí ẹnikẹ́ni ju fóònù ẹ̀ nù. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn kan wà nílé wa tí fóònù ò lè yà, kì í ṣe pé fóònù ò dáa, àmọ́ wọ́n fẹ́ kí èèyàn kọ́kọ́ jókòó ti àwọn. Mo ti tọ́jú owó tó tó fíìmù kan, ẹgbẹ́ oníròyìn wa sì ti fọwọ́ sí i bá a ṣe máa pín in. Mẹ́ta jẹ́ ti SS3 A, B àti C kí wọ́n tó jáde. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn olùkọ́ wa. Ọ̀kan jẹ́ ti màmá tó ń se oúnjẹ àti bàbá tó ń ṣọ́ géètì, torí pé wọn kì í sí nínú fọ́tò ilé-ìwé.

Méje ló kù. Bí àgbàlagbà kan bá wà nílé yín tí kò ní fọ́tò tó dáa, tàbí tí omi àti ikán ti ba tiẹ̀ jẹ́, ẹ kọ orúkọ yín sínú ìwé tó wà lábẹ́ ìròyìn yìí kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Màá wá sílé yín. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wọ aṣọ tó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì fi ọkàn balẹ̀: mi ò ní na nǹkan kan sí wọn lójú.